Kóńgò Tí A Fi Ń Wọn Iná

Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n ti kọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ṣùgbọ́n mo rò pé yóò ṣe ẹlòmíràn láǹfààní.

Olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn, ìyàwó mi sì ń ta gàrí àti ẹ̀wà ní ọjà. Ní ọdún 2019, ilé wa kò ní míta. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná fún wa a fi ìwé owó ránṣẹ́, àfojúdá lásán ni. Nígbà tí ó jẹ́ ₦9,000, mo san án. Nígbà tí ó di ₦17,000, mo kùn, mo sì tún san án. Mo ní, "Ta ni yóò bá wọn jà?" Nígbà tí ó di oṣù Kẹsàn-án, owó ilé-ìwé Bùsáyọ̀ kò pé. Ó ku ₦15,000. Ni mo bá lọ bá ìyá rẹ̀ pé kí ó fi owó ọjà rẹ̀ kún un.

Ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá Bùsáyọ̀, ẹ má bínú o. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ta gàrí, kò sí ẹni tí ó rà á lọ́wọ́ mi rí tí n kò fi kóńgò wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀. Iná tí ẹ ń san owó rẹ̀ yìí, kóńgò wo ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n fún yín?"

Inú bí mi. Mo ní ṣé èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò ni yóò wá kọ́ ní ìṣirò! Ṣùgbọ́n n kò rí oorun sùn ní òru ọjọ́ náà, nítorí òótọ́ ni ó sọ.

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ sí ọ́fíìsì wọn, mo kọ ìwé, mo sì tọrọ míta. Wọ́n ní kí n lọ, kí n bọ̀, títí ẹsẹ̀ mi fi mọ ọ̀nà náà. Ní ọdún 2020, NERC, àjọ tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà, fi gbèdéke sí iye tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní míta. Láti ìgbà náà ni ìwé owó tiwa ti fúyẹ́. Ní ọdún 2021 ni míta dé.

Ìyàwó mi fi okùn so ìwé kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ míta náà. Ní àràárọ̀ ni ó ń kọ iye yúníìtì tí ó kù sínú rẹ̀. Ohun tí a rí kọ́ nìyí. Ohun èlò tí ó jẹ́ wọ́ọ̀tì 1,000, bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 1, yúníìtì 1 ni ó jẹ. Bọ́ílà tí a ń sọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì láti fi mú omi ìwẹ̀ gbóná jẹ́ wọ́ọ̀tì 2,000. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yúníìtì 1 ti lọ. Gílóòbù LED oníwọ́ọ̀tì 10 yóò tàn fún wákàtí 100 kí ó tó jẹ iye kan náà. Èmi tí mo máa ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ nítorí gílóòbù, omi gbígbóná tèmi ni ó ń jẹ owó!

Fíríìsà ńkọ́? Ẹ fi owó bébà há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ tì í, kí ẹ sì fà á. Bí ó bá yọ wọ́ọ́rọ́, rọ́bà ti kú, òtútù ń jò lọ. Tiwa yọ wọ́ọ́rọ́. A pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀.

Ẹni tí ó ní míta pàápàá kò gbọdọ̀ sùn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó yúníìtì àwọn tí ó wà ní Band A fò láti ₦68 sí ₦225, pẹ̀lú àdéhùn pé wọn yóò máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán. Ti Band B jẹ́ wákàtí 16, ti Band C sì jẹ́ 12. Àdéhùn ni. Ẹ béèrè èwo ni ẹ wà nínú rẹ̀. Ẹ máa kọ wákàtí tí ẹ fi ń rí iná sílẹ̀, bí kò bá sì pé, ẹ mú ìwé yín lọ bá wọn. Ẹni tí ó ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ kò ní láti pariwo.

Owó ọjà tí ìyàwó mi fi kún owó ilé-ìwé ọjọ́ náà, mo ti dá a padà. Ọ̀rọ̀ tí ó bá mi sọ ni n kò tíì lè san owó rẹ̀.