Ọjọ́ Àádọ́rùn-ún

Bí ẹ bá dúró nídìí géètì ibùdókọ̀ Òṣòdì láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ẹ ó gbọ́ ìró kan tí kò sí níbẹ̀ nígbà èwe mi: tíì, tíì, tí ẹ̀rọ ń dún bí èrò bá ti fi káàdì Cowry kàn án. Nígbà tèmi, ohùn kọ̀ńdọ́ ló gba ibẹ̀ kan. "Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Bí kò bá sí ṣéńjì, wọ́n á jọ́ìnì ìwọ àti ẹni tí o kò mọ̀ rí mọ́ owó bébà kan ṣoṣo, ẹ̀yin méjèèjì á wá máa wá ẹni tó máa bá yín ṣẹ́ ẹ kiri lábẹ́ afárá. Mo pẹ́ dé ilé ìwé nítorí ṣéńjì ju bí mo ti pẹ́ nítorí òjò lọ.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan tí àwọn ọ̀dọ́ dá sílẹ̀ níbí, Touch and Pay, tí wọ́n gé kúrú sí TAP, ló ṣe iṣẹ́ káàdì yẹn. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún ni LAMATA, àjọ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ètò ìrìnnà lé lọ́wọ́. Ní 2020 ló bẹ̀rẹ̀ lórí bọ́ọ̀sì. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, ó bá rélùwéè aláwọ̀ búlúù dé Marina; ní oṣù kẹwàá 2024, ó bọ́ sórí aláwọ̀ pupa tó ń ti Agbádó lọ sí Ọ̀yìngbò, tó sì ń dúró ní Òṣòdì níbí. Ilé iṣẹ́ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó nǹkan wọnú iṣẹ́ tí àìmọye èèyàn gbójú lé lójoojúmọ́, iṣẹ́ náà sì dúró. Ìgbàkigbà tí mo bá gbọ́ tíì yẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń wá sí mi lọ́kàn: kí ló dé tí irú rẹ̀ ò fi pọ̀?

Orúkọ tí wọ́n sọ káàdì náà pàápàá kì í jẹ́ kí n sinmi. Cowry ni owó ẹyọ. Lándùjí Òṣòdì, ọmọ Tápà tí wọ́n ní àdúgbò yìí ti gba orúkọ, balógun Ọba Kòsọ́kọ́, tó kú ní 1868, owó ẹyọ ló ná láyé rẹ̀. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn àpò kan. Títí di òní, bí oníròyìn bá fẹ́ pe mílíọ̀nù kan náírà ní Yorùbá, "àádọ́ta ọ̀kẹ́" ló ń sọ. Àádọ́ta àpò owó ẹyọ ló ń kà fún wa láì fura. Láàárín 1850 sí 1860, ilé iṣẹ́ Wm. O'Swald láti Hamburg ní Jámánì ń kó owó ẹyọ láti Zanzibar wá sí Èkó, wọ́n ń fi ra epo pupa.

Òyìnbó tó ni ọkọ̀ ojú omi yẹn ò lè wọ oko lọ ra epo fúnra rẹ̀. Kò gbọ́ èdè, kò mọ ọ̀nà, ibà ò sì ní jẹ́ kó padà. Ó nílò alágbàtà. Ohun tí àwọn oníṣòwò òyìnbó etíkun wa wá ṣe ni pé wọ́n á kó ọjà fún alágbàtà láwìn, aṣọ, iyọ̀, owó ẹyọ. Òun á kó o wọ oko lọ, á fi ra epo, ìgbà tí epo bá dé èbúté ni gbèsè tó san. Nígbà tí UAC dé ní 1929, wọ́n ṣì ń bá irú rẹ̀ lọ: ìyá aláṣọ tó bá ní pasibúùkù á gba aṣọ láwìn, á tà á tán kó tó dá owó padà. N kò sọ pé ayé ìgbà náà dára. Àwìn yẹn so ọ̀pọ̀ alágbàtà mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́, ó sì dá ìjà sílẹ̀ ní etíkun. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò níbẹ̀. Ẹni ńlá ló ń yá ẹni kékeré lówó.

Lónìí, kékeré ló ń yá ńlá.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí mo ṣì lágbára, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan gba yàrá kan ní Ìsọlọ̀, a kó kọ̀ǹpútà méjì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tokunbọ̀ kan síbẹ̀. Ohun tá a rí tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá àyíká wa ò rí ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìkìlọ̀ tó wà lára ẹ̀rọ wọn, ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń ti ọwọ́ bọ ẹ̀rọ náà ò sì ka Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti bọ ọwọ́ aládùúgbò mi kan tí ìka méjì ti kúrò níbẹ̀. A ní a ó kọ ìkìlọ̀ náà ní Yorùbá tó dán mọ́rán, a ó ya àwòrán sí i, a ó tẹ̀ ẹ́ sórí páálí tí omi ò lè bà jẹ́. Ilé iṣẹ́ ńlá kan gbà. Wọ́n fún wa ní LPO, ìwé àṣẹ ìrajà. Ọ̀rẹ́ mi ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta, ó kó ọ̀kan sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n gbà á, wọ́n yìn wá, wọ́n kàn án mọ́ ògiri. Wọ́n wá ní owó á jáde ní ọjọ́ àádọ́rùn-ún, láti ọjọ́ tí ìwé wa bá dé akáǹtì. Ìwé wa ò dé akáǹtì. Ó ń dúró de ẹni tó máa fọwọ́ sí i, ẹni tó máa fọwọ́ sí i wà lẹ́nu ìsinmi. Nígbà tó dé, wọ́n ti yí fọ́ọ̀mù padà. Oṣù méje. Ní oṣù karùn-ún la ta ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ká lè san owó ilé. Nígbà tí owó náà jáde, ó pé pérépéré, kọ́bọ̀ kan ò dín, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń san án fún ti kú. Ọmọkùnrin tó wà ní akáǹtì ò ṣe ìkà sí wa. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n," ó ní, "bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn." Òótọ́ ló sọ, òótọ́ yẹn ló sì dùn mí jù. Kò sẹ́ni tó gbìmọ̀ láti pa wá. Ìkìlọ̀ wa sì wà lára ògiri wọn fún ọdún púpọ̀, ó ń dáàbò bo ìka àwọn èèyàn, láìsí ẹnì kankan tó máa gbé irú rẹ̀ dé ilé iṣẹ́ kejì.

Ṣé ẹ rí i, ilé iṣẹ́ ńlá lè farada ọjọ́ àádọ́rùn-ún láì kíyè sí i. Owó tí yóò san fún mi wà ní báǹkì rẹ̀, ó ń pa èlé. Lọ́dọ̀ ẹni tó ní kọ̀ǹpútà méjì, ọjọ́ àádọ́rùn-ún jẹ́ owó oṣù mẹ́ta fún òṣìṣẹ́, owó iná mẹ́ta, àti onílé tó ń kan ilẹ̀kùn. Àkókò kan náà ni, ìwọ̀n rẹ̀ ò dọ́gba.

Ẹni tó bá ń gbé Ìsọlọ̀ mọ tírélà dáadáa. Ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ọdún sì wà tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ síbẹ̀ tọ̀sán-tòru, tí àwọn awakọ̀ ń wẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ táyà. Ní 2017, Obi Ozor àti Ife Oyedele dá Kobo360 sílẹ̀ kí ilé iṣẹ́ tó lẹ́rù lè fi fóònù rí tírélà tó ṣófo. Dangote, Honeywell, Olam, Unilever àti DHL wà lára àwọn tó gbé ẹrù lé wọn lọ́wọ́. Ẹ ò lè rí kékeré tó bá ńlá pàdé ju báyìí lọ. Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti há. Awakọ̀ ò lè ṣí ọkọ̀ láìsí owó dísẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́. Ẹni tó lẹ́rù á san tirẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, nígbà mìíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ta ni yóò gbé àárín méjèèjì? Ilé iṣẹ́ kékeré ni. Ní oṣù kẹjọ 2019, Kobo360 rí mílíọ̀nù 30 dọ́là kó jọ. Mílíọ̀nù 20 jẹ́ ti àwọn tó ra ìpín, Goldman Sachs ló ṣáájú wọn. Mílíọ̀nù 10 tó kù jẹ́ owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn báǹkì Nàìjíríà kí owó lè máa yí. Gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún mílíọ̀nù 20 yẹn. Èmi, mílíọ̀nù 10 ni mò ń wò. Ọmọdé lọ yá owó ní báǹkì kí àgbà lè ráyè san gbèsè rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ibi tó bá ti dára, ẹ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà sẹ́yìn, ẹ ó bá ẹnì kan tó rajà tó sì sanwó níbẹ̀. Tosin Eniolorunda kúrò ní Interswitch, ó dá TeamApt sílẹ̀ ní 2015. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìyá oníṣòwò ló kọ́kọ́ lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn báǹkì ló lọ, ó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún wọn. Owó báǹkì ló gbé e dúró títí tó fi gbé Moniepoint jáde ní 2019. Lónìí, ẹ ò lè rìn jìnnà ní Òṣòdì kí ẹ má rí agboòrùn, tábìlì kékeré àti POS Moniepoint lórí rẹ̀. Google wà lára àwọn tó fi mílíọ̀nù 110 dọ́là lé e lọ́wọ́ ní oṣù kẹwàá 2024, Visa sì tẹ̀ lé e ní 2025. Kí Google tó gbọ́ orúkọ rẹ̀, àwọn báǹkì ìlú rẹ̀ ti jẹ́ oníbàárà rẹ̀.

BMW ní Jámánì ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìlànà. Láti 2015 ni wọ́n ti ní ẹ̀ka kan tí wọ́n ń pè ní BMW Startup Garage. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá gbé nǹkan tuntun dé, ẹ̀ka náà kì í kọ́kọ́ béèrè ìpín lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á ra nǹkan náà bí oníbàárà ti ń rajà, kódà nígbà tí kò tíì gbó tán, wọ́n á dán an wò nínú iṣẹ́ wọn gan-an, wọ́n á sì sanwó. Íńdíà gba ọ̀nà òfin: láti 2006, ẹni tó bá gba ọjà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kékeré kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 45 kó tó san án. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, èlé tí yóò san jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta iye tí báǹkì àpapọ̀ wọn fi lélẹ̀. Àwa náà ní òfin. Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin startup, òfin àwọn ilé iṣẹ́ tuntun, ní oṣù kẹwàá 2022, òfin náà ní kí àpò owó kan wà tí kò ní dín ní bílíọ̀nù 10 náírà lọ́dún. Àpò owó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé iṣẹ́ ńlá jẹ lówó kò wá ẹ̀bùn wá. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ló ń wá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú mi ronú débí. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ṣe ẹ̀rọ kékeré kan, kò ju agolo mílíìkì lọ, tí wọ́n ń gbé sínú táńkì dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀. Ó ń wọn ohun tó wà nínú rẹ̀ ní wákàtí wákàtí, bí dísẹ́ẹ̀lì bá sì lọ sílẹ̀ lóru nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ò ṣiṣẹ́, fóònù ọ̀gá á dún. Ní ìlú tí iná mànàmáná ò ti ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kò sí ilé iṣẹ́ tí irú rẹ̀ ò wúlò fún. Bó ti ń ṣàlàyé fún mi, ojú mi ń wo ìkìlọ̀ Yorùbá tiwa lára ògiri yẹn.

Mo sin ín lọ sí ilé iṣẹ́ tó fẹ́ ra ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ọjọ́ ọjà Aswani ni, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mọ́tò kún ojú ọ̀nà, àwọn tó wá ra aṣọ ń gbé báálì lórí. Ìhà ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ìhunṣọ Aswani wà, èyí tí ọjà náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Afprint náà wà lójú ọ̀nà yẹn. Mo rántí ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ lóru. Ariwo náà ti dákẹ́, aṣọ tí àwọn ẹlòmíràn wọ̀ kù nílẹ̀ òkèèrè là ń tà níwájú géètì báyìí. Àwọn ilé iṣẹ́ tó kù ládùúgbò kò gbọdọ̀ bá ọ̀nà yẹn lọ. Ó ń dùn mí pé wọ́n ò mọ bí ìrànlọ́wọ́ ti sún mọ́ wọn tó, pé ó ń dúró ní géètì, ó ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àlejò.

A dúró lábẹ́ ìbòòji ilé àwọn ẹ̀ṣọ́. Ó fa LPO yọ nínú báàgì, ó fi hàn mí. Ẹ̀rọ 12. Iye owó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó dára. Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ bí wọn yóò ṣe sanwó sí, mo rí i: ọjọ́ 90. N kò sọ nǹkan kan. Mo ti sọ ìtàn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fún un rí, ó sì wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ pe orúkọ rẹ̀.

"Dádì Ìsọlọ̀," ó ní, "ẹ yá mi ní bírò yín."

Mo yọ ọ́ fún un. Ó gbé ìwé náà lé ògiri, ó fa ìlà sórí 90, ó kọ 30 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó sì bá ẹ̀ṣọ́ wọlé.