Ọkọ̀ Tó Létí
Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi létí. Àwọn sẹ́ńsọ̀ ara bọ́ńpà rẹ̀ ń rán ìró tí ọmọ ènìyàn kò lè gbọ́ jáde. Bí ìró náà bá kan ògiri, yóò padà. Kọ̀ǹpútà yóò sì fi àkókò tó lò lọ́nà mọ bí ògiri ti jìnnà tó. Ìṣirò yìí ni ọkọ̀ náà fi ń wọn àyè tó wà láàárín ọkọ̀ méjì, kí ó tó máa yí ìdarí fúnra rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ohun tó kéré tó sì wà nílẹ̀ lè ṣàì bọ́ sọ́nà ìró náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì, ìdí táyà ló sì ti fẹ́ràn láti ṣeré. Nítorí náà, mo máa ń yí ọkọ̀ po kí ó tó gbéra. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.