Ihò Èédú Enugu: Ibi tí Èéfín Rélùwéè Wa ti Wá

Ẹnikẹ́ni tí ó bá dàgbà ní Olódò tàbí ní àwọn abúlé tí ó yí Lálúpọn ká kò níí gbàgbé ọkọ̀ ojú irin ayé àtijọ́, èyí tí ń mí gúlegúle bí ẹni tí ó ru àpò kòkó gun òkè. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí a bá wà lóko tí a sì rí èéfín dúdú tí ń rú sókè, bàbá mi yóò ní, "Ó ti dé o," àwa ọmọdé a sì ju ọkọ́ sílẹ̀, nítorí a mọ̀ pé oúnjẹ yá. N kò bi ara mi léèrè rí ibi tí èédú tí ń jó nínú ọkọ̀ yẹn ti wá. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún kí n tó fi ojú ara mi rí i.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ni ó ń ṣe àgùnbánirọ̀ ní Enugu. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ wá wo ìlú èédú kí n tó parí." Mo wọkọ̀ ní Iwo Road ní ìdájí. A gba Ifẹ̀, Oǹdó àti Ọ̀rẹ̀ dé Benin, ara ti ń ro mí kí a tó kọjá Odò Ọya ní Asaba. Afárá tuntun tí wọ́n ṣí ní 2023 ni a gbà. Ti 1965 ṣì wà níbẹ̀. N kò níí fi ìrìn àjò náà dá yín dúró, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ wà níwájú.

Àwọn Ìgbò ní "orí òkè" ni ìtumọ̀ Enugu, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òkè ni ìlú ńlá náà wà. Ngwo ni ó wà lórí òkè gan-an, níbẹ̀ ni igbó páìnì wà. Igi wọ̀nyí kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Ewé wọn rí bí abẹ́rẹ́, wọ́n sì tò bí ọmọ ilé ìwé ní òwúrọ̀. Èyí tí ó ti wọ́wé sílẹ̀ ń yọ̀ lẹ́sẹ̀, mo di ọ̀pá mi mú dáadáa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mú wa lọ ti gbé Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn rí, ó sì gbọ́ Yorùbá yékéyéké. "Ẹ rọra o, Bàbá," ni ó ń wí ṣáá.

Nísàlẹ̀ àfonífojì ni ihò náà wà. Ihò wà lórí òrùlé òkúta náà, láti ibẹ̀ ni omi ti ń já wá sínú rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń da àmù, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń bá omi wọlé. Mo bọ́ bàtà, mo tẹ omi náà. Ó tutù dé egungun. Mo jókòó sórí òkúta kan títí ọmọ náà fi ní, "Bàbá àgbà, èyí tí Ọlọ́run gbẹ́ nìyí. Ẹ jẹ́ kí á lọ wo èyí tí ènìyàn gbẹ́."

A sọ̀kalẹ̀ lọ sí àfonífojì Iva. Èyí tí ènìyàn gbẹ́ kò lẹ́wà rárá. Ẹnu ọ̀nà dúdú kan ni, tí igbó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò, omi aláwọ̀ ìpẹtà sì ń ṣàn jáde níbẹ̀. Ohun tí ó ń bẹ nínú èédú ni ó ń sọ omi di kíkan bẹ́ẹ̀. Irú omi yìí ń wọ odò Ekulu títí di òní. Kì í ṣe kànga ni wọ́n gbẹ́ o. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n lu wọlé, tí wọ́n ń tẹ̀ lé èédú bí ẹni tí ń tọ ipa òkété. Ẹnìkan a máa fi irin gé e, òmíràn a máa ti ọmọlanke onírin lórí rélì jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní iṣẹ́ ọmọlanke yẹn ni bàbá àgbà òun ṣe.

Mo fẹ́ wọlé díẹ̀, ó di apá mi mú. Ó ní igi tí wọ́n fi gbé òrùlé ró ti jẹrà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì lè pa ènìyàn láìjẹ́ pé ó gbóòórùn kankan. Ẹni tí ó bá lọ wò ó nínú ẹ̀yin òǹkàwé, ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ dúró sí.

Ní 1909 ni àwọn òyìnbó awalẹ̀wò rí èédú yìí ní ilẹ̀ Udi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní Ogbete ní 1915, ọdún kejì ni rélùwéè láti Port Harcourt dé Enugu. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ojú irin Nàìjíríà ti ń jẹ èédú Enugu. Èyí tí ó ń lọ sí ọ̀dọ̀ tiwa, wọ́n a kó o dé Port Harcourt, ọkọ̀ ojú omi a sì gbé e wá sí Èkó. Ilé iṣẹ́ mànàmáná Ìjọrà náà jẹ nínú rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ẹni tí ń tan iná ní Èkó àti ẹni tí ń wo èéfín ní Lálúpọn, àwọn tí wọ́n wọ ihò yìí ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún wọn.

Ní November 1949, àwọn òṣìṣẹ́ ní ìjọba jẹ wọ́n lówó. Wọn kò kúrò níbi iṣẹ́. Wọ́n kàn ń ṣe é ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Ẹ̀rù ba ìjọba nítorí ẹ̀tù tí a fi ń fọ́ òkúta, ó sì ní kí àwọn ọlọ́pàá lọ kó o kúrò. Nígbà tí ó di ọjọ́ 18 oṣù náà, ní àfonífojì Iva níbẹ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó kan, F. S. Philip, pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn. Ènìyàn 21 kú, àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ lé ní 50. Ohun ìjà iṣẹ́ wọn ni ó wà lọ́wọ́ wọn. Wọn kò ní ìbọn.

Ọ̀rọ̀ náà mì gbogbo ilẹ̀ yìí. Àwọn olóṣèlú tí kì í fojú kan ara wọn jókòó pọ̀, Dókítà Akinọlá Májà sì ni alága wọn. Nínú ìgbìmọ̀ mẹ́rin tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti wádìí rẹ̀, Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ọmọ Aláké, wà níbẹ̀, ẹni tí ó di adájọ́ àgbà ní 1958. Ìgbìmọ̀ náà ní ọ̀gá ọlọ́pàá yẹn ṣi ìpinnu ṣe. Èmi ń wo ẹnu ihò náà, ọ̀rọ̀ yẹn fúyẹ́ lójú mi.

Ogun 1967 sí 1970 ti ibi iṣẹ́ náà pa, ọkọ̀ ojú irin tí ń lo epo sì ti ń gba ipò tàtijọ́. Iṣẹ́ kò padà sí bí ó ti wà mọ́.

Kí á tó kúrò, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣa èédú kan tí kò ju ẹyin lọ nílẹ̀, ó wé e sínú bébà fún mi. Mo gbé e dé Olódò. Ìyàwó mi yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Bàbá Ṣọlá, èédú yìí mà wúwo o. Ṣé ó ń jó?"

Mo ní ó ń jó. Ó fẹ́ fi sábẹ́ ìkòkò, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Orí fèrèsé mi ni ó wà.