Láàrin Òkè Méjì ní Mẹ́kà

Bí Ọlọ́hun bá ṣe é ní àlùbáríkà fún yín pé kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ìlú Mẹ́kà, ẹ ó kọ́kọ́ yí Káábà ká lẹ́ẹ̀méje. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó kọjú sí Sọ́fà. Ẹ má retí òkè bí Olúmọ o. Àpáta díẹ̀ ni ó kù tí ojú lè rí níbẹ̀, òrùlé mọ́sálásí sì ti bò ó. Láti ibẹ̀ dé Máríwà tó nǹkan bí 400 mítà. Ìgbà méje ni ẹ ó rìn ín, yóò sì súnmọ́ kìlómítà 3 kí ẹ tó parí.

Òkúta dídán ni ẹ ó máa tẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì máa fẹ́ atẹ́gùn tútù sí yín lára. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí iṣẹ́ fífẹ mọ́sálásí náà lójú tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955, títì ọjà ni. Ìsọ̀ wà ní ọ̀tún àti ní òsì, àwọn onísáyì a sì máa la àárín àwọn oníbàárà kọjá. Lójú tèmi, ìyẹn ìbá tiẹ̀ dùn mọ́ àwa obìnrin Yorùbá tí ọjà jẹ́ ilé wa kejì.

Ẹ wá bá mi mú òrùlé, iná àti èrò kúrò lọ́kàn yín ná. Ẹ fi àfonífojì gbígbẹ rọ́pò wọn, níbi tí kò sí oko, tí kò sí kànga, tí kò sí ènìyàn kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni Ànábì Ìbúráhímà mú Hájárà ìyàwó rẹ̀ dé, ẹni tí àwa ń torí rẹ̀ sọ ọmọ wa ní Àjáràtù, pẹ̀lú Ìsìmáílà tí ó ṣì ń mu ọmú. Àpò dàbínù kan àti awọ omi kan ni ó fi sílẹ̀ fún wọn, ó sì kẹ̀yìn sí wọn. Hájárà tẹ̀lé e, ó ń bi í pé ta ni ó fi àwọn sílẹ̀ fún. Kò dáhùn. Obìnrin náà wá bi í bóyá Ọlọ́hun ni ó pa á láṣẹ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Hájárà ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí àwọn ṣègbé, ó sì padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Àdúà tí bàálé náà ṣe lẹ́yìn tí ó kúrò lójú wọn wà nínú Súrà Ìbúráhímà, ẹsẹ̀ 37.

Ibí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé gbígbára lé Ọlọ́hun ni kí ènìyàn káwọ́ lẹ́rán, obìnrin yìí ti gbára lé E tán kí omi tó tán nínú awọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí òǹgbẹ mú ọmọ tí ó ń yí nílẹ̀, kò jókòó. Ó gun Sọ́fà, ó wò yíká, kò rí ẹnìkan. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó sáré la àfonífojì kọjá, ó gun Máríwà, kò rí ẹnìkan. Ó padà. Ìgbà méje ni! Ìgbà kẹta ti tó kí ọlọ́gbọ́n mọ̀ pé kò sí ẹ̀dá lórí òkè méjèèjì, ṣùgbọ́n ìyá ọmọ ni. Mo ti gbọ́ oníwàásù tí ó sọ fún obìnrin tí ebi ń pa àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí ó jókòó sílé kí ó máa retí, pé jíjáde rẹ̀ lọ wá oúnjẹ kì í ṣe sùúrù. N kò mọ Hájárà tí ìyẹn kà nípa rẹ̀.

Nígbà tí omi sì dé, kò ti Sọ́fà wá, kò ti Máríwà wá. Ibi tí ó tẹ́ ọmọ sí ni mọ́láíkà ti gbẹ́ ilẹ̀ tí omi fi ń tú jáde. Ó sáré kó iyẹ̀pẹ̀ yí i ká, ó ń bu omi sínú awọ. Omi Sàmúsàmú nìyẹn, tí àwọn Àlájì ń fi ife kékeré bù fún wa nílé. Ẹnu kànga náà ti wà lábẹ́ ilẹ̀ báyìí, nǹkan bí 20 mítà sí Káábà. Ó jìn tó nǹkan bí 30 mítà, ẹ̀rọ ni ó sì ń fà á. Nígbà tí àwọn ará Jurhum tí wọ́n ń kọjá lọ rí ẹyẹ tí ń rà bàbà lókè, wọ́n mọ̀ pé omi wà níbẹ̀, wọ́n sì wá tọrọ ibùgbé lọ́wọ́ Hájárà. Ó gbà fún wọn, ṣùgbọ́n ó ní òun ni òun ni omi. Ẹ gbọ́ ọ bí? Obìnrin tí kò ní nǹkan kan láìpẹ́ yìí ni ó ń fún ìlú ní ilẹ̀.

Iná aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi sàmì sí ibi tí ó ti sáré. Àwọn ọkùnrin a máa sáré díẹ̀ níbẹ̀, àwa obìnrin a máa rìn. Ẹ̀rín pa mí: obìnrin ni ó sáré, ọkùnrin ni ó ń sáré náà títí dòní.

Ìyá opó kan láti Ìbàdàn ni a jọ rìn ín. Ẹ̀lùbọ́ ni ó ń tà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ọmọ márùn-ún ni ó fi sílẹ̀.

“Ẹbí ní kí n ní sùúrù,” ó ní. “Mo ní in, ọmọ mi, ṣùgbọ́n a kì í fi sùúrù ro ọkà.”

Ó kó owó àjọ rẹ̀, ó lọ ra ẹ̀lùbọ́ ní Ṣakí. Òjò pa ti àkọ́kọ́. Àwọn tí wọ́n gba èkejì ní àwìn kò san. Kò ṣíwọ́ ọjà, kò sì ṣíwọ́ àdúà lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ó ń di ẹrù, ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí kanlẹ̀kùn. Ó jẹ ọkọ rẹ̀ ní gbèsè, ìbẹ̀rù Ọlọ́hun kò sì jẹ́ kí ó sùn láti ìgbà tí ó ti gbọ́ ikú rẹ̀.

“Inú ilé ni owó ti bá mi,” ni ìyá wí. “Kì í ṣe Ṣakí tí mo ń sáré lọ.”

N kò lè fèsì. Èmi náà ní ohun tí mo gbé lọ síwájú Ọlọ́hun níbẹ̀, tí n kò ní kọ síhìn-ín.

Nígbà tí a rìn ín dé ìkẹrin, orúnkún mú un. Mo ní kí a gba kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti àwọn àgbà. Ó ń ṣiyèméjì nítorí láádá. Mo ní, “Ìyá, ẹni tí ara kò gbé lè gùn ún. Bí Hájárà bá sì rí kẹ̀kẹ́, ṣé ẹ rò pé kò ní gùn ún ni?” Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì jókòó sínú rẹ̀.

A parí ìkeje ní Máríwà. Ó mu omi, ó gbé ọwọ́ sókè fún ìgbà pípẹ́, ó fi nu ojú. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bá òun tẹ ọmọ òun láago, kí òun bi í bóyá ọkọ̀ ẹ̀lùbọ́ ti dé láti Ṣakí.