Ọwọ́ Tó Ń Fa Imú Bàálù Sókè

Cessna 172 inú Microsoft Flight Simulator kì í ṣe bàálù oníjàgídíjàgan. Èèyàn mẹ́rin ló ń gbà, ìyẹ́ rẹ̀ gba orí òrùlé kọjá, ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo ló wà nímú rẹ̀. Ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílẹ̀ àti ìgbà tó bá ń bọ̀ wá balẹ̀ ni kéèyàn ṣọ́ ọ, torí eré kò pọ̀ lára rẹ̀ nígbà náà, ilẹ̀ sì sún mọ́ ọn.

Aago eré wà lókè lọ́wọ́ òsì. Lára 172S, ìlà funfun bẹ̀rẹ̀ láti knot 40, ìlà àwọ̀ ewé láti 48. Tí eré bá wálẹ̀ dé 48, ìyẹ́ ò ní lè gbé ẹrù bàálù mọ́. Tí a bá ti na flaps, abala ẹ̀yìn ìyẹ́ tó ń tẹ̀ sísàlẹ̀, tán, ó ṣì lè gbé e títí dé 40. Ṣùgbọ́n aago yìí nìkan kò tó. Bí ìyẹ́ ṣe kọjú sí afẹ́fẹ́ ló ń fa stall, ìyẹn kí ìyẹ́ má lè gbé bàálù mọ́. Tó bá ti gbójú sókè tó nǹkan bíi dígírì 15 tàbí 16, afẹ́fẹ́ á ṣí kúrò lẹ́yìn rẹ̀, bàálù á sì sọ imú sílẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹ́ńjìnì ń ké tagbáratagbára.

Nígbà tí a bá ń gbéra, a ó fún un níná tán, a ó dúró de 55, a ó wá rọra fa imú díẹ̀. Ká jẹ́ kó sáré dé nǹkan bíi 74 kó tó máa gòkè lọ. Igi tó wà níwájú ló máa ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n fi ń fà á sí i. Létí iwájú ìyẹ́ òsì ni ihò kékeré kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà fun fèrè nígbà tó bá ku knot márùn-ún sí mẹ́wàá kí stall dé. Jẹ́ẹ́jẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ bí igbe ọmọ ìkókó, lẹ́yìn náà á han gooro. Ẹ dẹ ọwọ́ lójú ẹsẹ̀, kí imú wálẹ̀.

Nínú bàálù gidi, kí stall tó dé, ọwọ́ ìdarí á ti dẹ̀, ìdí ẹni á sì ti mọ̀ ọ́n lára. Ọ̀pọ̀ joystick orí tábìlì kì í dẹ̀: bó ṣe le ní 100 náà ló le ní 45. Ojú àti etí nìkan ló kù fún wa.

Ìgbà tí a bá ń yí sójú ọ̀nà ìbalẹ̀ ló bà mí lẹ́rù jù. Bàálù ti kọjá ojú ọ̀nà díẹ̀, èèyàn á wá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíkankíkan, á sì máa fa imú kó má bàa wálẹ̀. Tó bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó dígírì 60, knot 48 ìṣáájú ti di 68. Ẹni tó ń wo 65 lójú aago rò pé ààyè ṣì wà. Ẹ jẹ́ kó kọjá lọ, ẹ fún un níná, kẹ́ ẹ tún yí wá.

Tó bá ti tọ́ sójú ọ̀nà, tí flaps ti nà tán, knot 61 tó. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kí táyà kan ilẹ̀, tí a ti dín iná rẹ̀ kù pátápátá, a ó wá máa fa imú díẹ̀díẹ̀. Fèrè á tún fun, ó sì yẹ kó fun níbẹ̀: táyà ẹ̀yìn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan ilẹ̀, kí ti iwájú tó tẹ̀ lé e.