Ta Ni Ó Ni Orin?

Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ “A Whiter Shade of Pale” tí kò ní kọ́kọ́ gbọ́ dùùrù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni ẹgbẹ́ olórin Procol Harum gbé e jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà ní ipò kìíní níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6. Gary Brooker ni ó kọ ọ́ lẹ́nu, òun náà ni ó tẹ píánò. Keith Reid ni ó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Matthew Fisher, ọmọ ọdún 21, ni ó tẹ dùùrù Hammond.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rí, ẹ óò tètè mọ ohun tí mo ń wí. Ohùn ìsàlẹ̀ gbéra láti orí do, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan: do, ti, la, so, fa, mi, re, bí àgbàlagbà tí ó ń ti orí àtẹ̀gùn bọ̀ láìkánjú. Ó jọ iṣẹ́ Bach, ará Jámánì nì. Ṣùgbọ́n èyí nìkan kò lè mú orin dà bí àlá. Dùùrù kò bá ohùn ìsàlẹ̀ sọ̀ kalẹ̀; ó fa ohùn gùn lókè, ó dúró, lẹ́yìn náà ni ó rọra yí i. Inú àpótí Leslie ni ohùn náà ń gbà jáde, ìwo kan sì ń yí nínú rẹ̀. Bí ìwo bá kọjú sí wa, ohùn a sún mọ́ wa. Bí ó bá kẹ̀yìn, ohùn a rìn jìnnà. Ìdí nìyí tí ó fi ń gbọ̀n bí òjìji ewé lórí omi.

Síbẹ̀, orúkọ Brooker àti Reid nìkan ni a kọ sí orin náà. Ní 2005 Fisher gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Adájọ́ fún un ní ìpín 40 nínú 100 ní 2006. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gba ìpín náà ní 2008, wọ́n fi orúkọ nìkan sílẹ̀ fún un. House of Lords dá a padà ní 2009. Owó ọdún tí ó ti kọjá kò kàn án mọ́.

Òtítọ́ ni pé Brooker ti ṣe ohùn ìsàlẹ̀ kí Fisher tó dé. Àwọn ìkẹyìn yìí ni mo gbè síbẹ̀síbẹ̀. Ẹ yọ ìyá ìlù kúrò nínú dùndún, kí ẹ wo ohun tí yóò kù! Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi kan kọ orin náà fún mi. Dùùrù ni ó ń fi ẹnu tẹ̀, kò rántí ọ̀rọ̀ kan.