Láti Raji Rasaki dé Ẹnu Géètì LASU

Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ ní Mile 2 láàárọ̀, ariwo ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Dánfó kan ń pe Ọ̀ṣòdì, òmíràn ń pe Ìyànà-Ìbà, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ń kó èrò lọ sí Marina. Ṣùgbọ́n tó bá yà wọ Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, tó dé Raji Rasaki Estate, etí á sinmi díẹ̀. Orúkọ ológun tó ṣe gómìnà Èkó láti 1988 sí 1991 ni wọ́n fi sọ ibẹ̀. Àwọn onílé wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n télọ̀, jórin-jórin, mẹkáníìkì àti ẹlẹ́ja ló ń gbọ́ bùkátà wọn.

Ọ̀nà Àgbádárìgì nìkan ló wà láàárín wọn àti yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, ní Ọ̀jọ́. Alhaji Lateef Jakande ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1983. Gómìnà tó kọ́ ilé mẹ̀kúnnù náà ni, ẹ ṣáà rántí.

Owó ń bẹ lẹ́nu géètì yunifásítì o! Olóúnjẹ, onídìrí, àwọn tó ń ṣe fótókọ́pì, onílé tó ń gba owó yàrá, gbogbo wọn ló ń jẹ níbẹ̀. Bí iléèwé bá wọlé, ọjà á yá. Bí ó bá palẹ̀ mọ́, ìkòkò á dojú dé. Lọ́dún 2011, wọ́n gbé owó iléèwé kúrò ní ₦25,000, ó fò kọjá ₦190,000. Ọmọ mẹ̀kúnnù mélòó ló lè san ìyẹn? Ìgbà tó di 2014 ni wọ́n tó dá a padà sí ₦25,000. Ìyá tó ń ta ìrẹsì ò jókòó sípàdé kankan, àbí ta ló pè é?

Ṣùgbọ́n ṣé ìrẹsì títà fún akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni àǹfààní tó wà níbẹ̀? Rárá o. Lọ́dún 1969, àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ kúrò lórí àga, wọ́n lọ bá àwọn ará Ìsọ̀yà àti abúlé tó yí i ká. Wọ́n gbé àgbàdo tó ń so dáadáa lọ, wọ́n kọ́ àgbà ní ìwé kíkà, wọn ò sì gbàgbé àwọn obìnrin. Nígbà tí ìjọba dá yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní 1988, wọ́n fi í ṣe ara iṣẹ́ rẹ̀ pé kó máa gbé ìmọ̀ lọ bá àgbẹ̀ lóko.

Ohun tó yẹ Àmúwò náà nìyẹn. Mọ́tò òde òní ti ní kọ̀ǹpútà nínú. Mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá àtijọ́ nílò ẹni tó máa là á lóye. Ibi tí wọn ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní LASU, Ẹ̀pẹ́ ni, òpin Èkó lápá kejì! Ìyẹn ṣòro díẹ̀. Ti ẹja ò ṣòro. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹja wà ní LASU, ẹni tó ń yan ẹja wà l'Ámúwò, tí èéfín ń ba ojú rẹ̀ jẹ́, tí igi ìdáná sì ń jẹ ẹ́ lówó. Àdògán tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rú èéfín, bí ẹja ò ṣe ní í tètè bàjẹ́, ìbéèrè tí wọ́n lè dáhùn nìyẹn. Kí ìyálọ́jà ẹlẹ́ja kó èèyàn mẹ́ta lẹ́yìn, kí wọ́n mú lẹ́tà dání, kí wọ́n wọ dánfó Ìyànà-Ìbà lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí iléèwé bá wọlé.